Ìgbéyàwó ní Erékùṣù Gíríìsì: Láti Orí Omi Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀ Ìṣirò Yín

Ìwé ìpè sí ìgbéyàwó tí ó ń wọlé sórí fóònù àwa ọ̀dọ́ lóde òní kì í fi gbogbo ìgbà darúkọ Ìbàdàn tàbí Ìkẹjà mọ́. Èyí tí ó dé ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́ kan darúkọ Paros. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé ní Ilé-Ifẹ̀, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ni ó fẹ́ di ìyàwó ọmọkùnrin ará Gíríìsì kan tí ìdílé rẹ̀ ń gbé ní erékùṣù náà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Keje ni wọ́n dá. Àwọn àlejò yóò wá láti Èkó, láti Abẹ́òkúta, láti Lọ́ńdọ̀nù, àní láti Houston pàápàá. Mo lọ, mo sì bọ̀ láyọ̀. Láti ìgbà náà wá, bí ènìyàn méje ni ó ti bi mí ní ìbéèrè kan náà: báwo ni a ṣe ń lọ síbẹ̀, kí ni a ó mú dání, èló ni yóò sì ná wa?

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn: a ó wá owó bàálù, a ó rán aṣọ, a ó gba hòtẹ́ẹ̀lì, a ó sì fi ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wa dé erékùṣù sí ìkẹyìn, bí ẹni pé dánfó Ọ̀jọ́ta ni, tí ọ̀kan bá lọ òmíràn ń bọ̀. Ẹ yí i padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí tí àlùfáà yóò gbé adé lé ọkọ àti ìyàwó lórí, kí ẹ wá máa kà á padà sẹ́yìn: ọkọ̀ ojú omi, alẹ́ tí ẹ ó sùn ní Áténì, bàálù, físà, owó. Bí bàálù Èkó bá já yín sílẹ̀, ẹ lè rí ti ìlú mìíràn wọ̀. Bí òkun bá ru, olówó àti tálákà ni yóò jọ jókòó sí èbúté.

Afẹ́fẹ́ tí kò mọ ìyàwó

Erékùṣù tí ènìyàn ń gbé ní Gíríìsì lé ní 200. Ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì ti mọ orúkọ díẹ̀ nínú wọn: Pátímọ́sì níbi tí Jòhánù ti rí ìran, àti Kírétè tí Pọ́ọ̀lù fi Títù sí. Àwọn tí a sábà máa ń pe ènìyàn sí fún ìgbéyàwó lóde òní ni Santorini, Mykonos, Paros, Corfu, Rhodes àti Kírétè yìí kan náà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi ẹni tí ó pè yín ni bóyá erékùṣù rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú tí bàálù ilẹ̀ òkèèrè ń bà sí. Kírétè, Rhodes, Corfu, Kos, Santorini àti Mykonos ní in. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè wọ bàálù kan ṣoṣo dé ibẹ̀. Pápákọ̀ kékeré ni ti Paros, àwọn bàálù kéékèèké láti Áténì ni ó ń lò ó, ààyè inú wọn sì tètè máa ń tán. Àwọn erékùṣù mìíràn kò ní rárá. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àlejò ni ọkọ̀ ojú omi yóò gbé.

Piraeus ni èbúté ńlá tí ó wà lẹ́bàá Áténì, ó sì tóbi ju bí ẹ ṣe rò lọ. Wọ́n fi nọ́ńbà sí àwọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀, láti E1 títí dé E12. Ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Paros, Naxos àti Santorini sábà máa ń gbéra ní agbègbè E6 àti E7. Ti Kírétè wà ní apá E2 àti E3. Kì í ṣe ìrìn kékeré láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn nínú oòrùn, pẹ̀lú àpótí aṣọ ẹbí lọ́wọ́. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ kan ń rìn nínú èbúté náà, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e bí àkókò bá ti ń lọ. Láti pápákọ̀ òfurufú Áténì, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ìlà kẹta, ń lọ tààrà sí Piraeus ní nǹkan bí wákàtí kan. Bọ́ọ̀sì X96 náà ń lọ síbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àmọ́ ẹ ka tíkẹ́ẹ̀tì yín dáadáa kí ẹ tó wọ èyíkéyìí nínú wọn, nítorí pé àwọn ọkọ̀ kan wà tí ó jẹ́ Rafina ni wọ́n ti ń gbéra, èbúté mìíràn tí ó sún mọ́ pápákọ̀ òfurufú ju Piraeus lọ.

Orúkọ orí tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìrìnnà mu. Ẹ dé èbúté ní wákàtí kan ṣáájú. Ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí wọ́n ń kó mọ́tò sí, ni ẹ ó gbé ẹrù ńlá yín kalẹ̀ sí, níbi tí wọ́n kọ orúkọ erékùṣù yín sí. Ọkọ̀ ńlá ń lo bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún láti Piraeus dé Paros, ó sì tó bíi mẹ́jọ dé Santorini. Ọkọ̀ ayára yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ sì ga. Ó lè yà ní erékùṣù kan tàbí méjì kí ó tó dé tiyín, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó sì ń lò ní èbúté kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti gbọ́ orúkọ erékùṣù yín lẹ́nu ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ dìde, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ dúró ti ẹrù yín. Ẹni tí ó bá ṣì ń wé gèlè lókè nígbà náà, erékùṣù tí ó kàn ni yóò bá ara rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti afẹ́fẹ́. Meltemi ni àwọn ará Gíríìsì ń pè é. Láti àríwá ni ó ti ń fẹ́ sórí òkun Aegean, oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ sì ni agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Kì í mú òjò wá, kì í sì í mú ìkùukùu wá, ohun tí ó sì ń tan àlejò jẹ nìyẹn. Oòrùn ń ràn, ojú ọ̀run mọ́ kedere, síbẹ̀ wọ́n ní ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gbéra. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kọjá ìwọ̀n tí òfin gbà, àwọn aláṣẹ èbúté yóò dá ọkọ̀ dúró. Apagoreftiko ni orúkọ àṣẹ náà lédè wọn. Ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ tí ó bá ṣẹlẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ayára ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá dúró, kí ó tó kan àwọn ọkọ̀ ńlá.

Àwa tí a wá láti Èkó ti wà ní Paros láti Ọjọ́rú, nítorí pé ìyá ìyàwó ti ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó méjì tí wọ́n ń bọ̀ láti Houston kò ráyè kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Áténì, wọ́n sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ayára fún òwúrọ̀ Àbámẹ́ta. Aago méje ìrọ̀lẹ́ ni ìgbéyàwó. Lórí ìwé, àkókò ṣẹ́ kù. Òru Ẹtì yẹn gan-an ni afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ wọn kò gbéra, bàálù ti kún, àwọn ọkọ̀ ńlá kò sì tẹ omi títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Inú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Piraeus ni wọ́n ti wo bí wọ́n ṣe gbé adé lé àbúrò wọn lórí, lójú fóònù tí mo gbé sókè títí apá fi ń ro mí. Wọ́n rí owó tíkẹ́ẹ̀tì gbà padà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ ẹni tí ojú ọjọ́ bá dá dúró. Ṣùgbọ́n inú àpótí wọn ni aṣọ òkè ìyá ìyàwó wà. Àdìrẹ tí Màmá gbé wá fún ìgbafẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi ẹ̀rín bo ohun tí ó wà lójú wọn.

Ẹ sun alẹ́ méjì, ó kéré tán, ní erékùṣù náà kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Bí ẹ bá jẹ́ ẹbí tímọ́tímọ́, ẹ jẹ́ kí ó di mẹ́ta. Bí apá yín kò bá ká owó hòtẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fi gbádùn ara yín lẹ́yìn ìgbéyàwó ni kí ẹ gé kúrú, ẹ má fọwọ́ kan ti ìṣáájú. Ẹ yan ọkọ̀ ńlá dípò ọkọ̀ ayára. Ohun tí ayẹyẹ kò lè ṣe láìsí i, òrùka ni o, aṣọ ni o, oògùn àwọn àgbà ni o, kí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé.

Ẹ tún yẹ kàlẹ́ńdà wò. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ jẹ́ ọjọ́ ńlá Màríà ìyá Jésù fún wọn, ó sì dà bí ìgbà tí gbogbo Èkó bá ń lọ sílé fún Kérésì: ọkọ̀ á kún, hòtẹ́ẹ̀lì á kún, pàápàá ní Tinos àti Paros tí àwọn olùfọkànsìn ń rọ́ lọ. Nínú ọ̀sẹ̀ méjì tí ó ṣáájú ọjọ́ yẹn, ìjọ Orthodox ń gba ààwẹ̀, wọn kì í sì í so ènìyàn pọ̀. Ìwé ìpè tí ó bá bọ́ sí àkókò yẹn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ìlú tàbí létí òkun. Bí tọkọtaya bá bèèrè èrò yín kí wọ́n tó dá ọjọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé oṣù Kẹsàn-án dára jù. Omi òkun ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà náà, èrò ti dín kù.

Físà

Gíríìsì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè Schengen. Ẹni tí ó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà wọn, ì báà jẹ́ Èkó ni ó ń gbé tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà kò nílò rẹ̀, bí kò bá ní lò ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́. Nínú ẹbí kan ṣoṣo, ẹni mẹ́ta lè ra tíkẹ́ẹ̀tì lónìí kí ẹni kẹrin ṣì wà lẹ́nu ìdúró. Ẹ̀yin tí ẹ kò nílò físà, ẹ fi sùúrù bá ẹni kẹrin yẹn lò.

Wọ́n ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, kò sì gbọdọ̀ ku ọjọ́ tí ó dín ní 15. Òfin fún wọn ní ọjọ́ 15 láti dáhùn, wọ́n sì lè fà á dé 45. Ohun tí ó ṣòro jù ni ọjọ́ tí wọn yóò dá fún yín láti wá fi ìwé sílẹ̀, nítorí pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń sún mọ́lé ni gbogbo ènìyàn ń wá a. Fún ìgbéyàwó oṣù Keje, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì tàbí Kẹta. Owó rẹ̀ jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà, 45 fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀. Ìwé ìrìnnà yín kò gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ó gbọ́dọ̀ ṣì lágbára fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ ó kúrò lọ́dọ̀ wọn, kí ó sì ní ojú ewé méjì tí ó ṣófo. Ẹ óò tún gba ìwé adójútòfò ìrìn-àjò tí ó lè san ó kéré tán 30,000 yúrò fún ìtọ́jú àìsàn.

Ní ti ìwé tí ẹ ó kó jọ, kí tọkọtaya kọ lẹ́tà ìpè tí ó sọ ọjọ́, ibi, àti bí ẹ ṣe jẹ́ sí wọn. Kí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ kọ̀wé pé òun fún yín ní ìsinmi, kí ó sì dárúkọ ọjọ́ tí ẹ ó padà. Ìwé àkáǹtì yín ní báńkì gbọ́dọ̀ jọ ìgbésí ayé yín. Owó ńlá tí ó ṣàdédé wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ń bi ìbéèrè tí ẹ kò ní sí nítòsí láti dáhùn. Ẹni tí ó bá ní òun yóò yá yín ní owó sínú àkáǹtì fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má gbà á. Bákan náà, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tí owó rẹ̀ kò ṣeé gbà padà kí físà tó jáde. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé fún yín, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Bí ẹ bá fẹ́ yà sí Paris tàbí Róòmù lẹ́yìn ìgbéyàwó, orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti lo ọjọ́ tí ó pọ̀ jù ni kí ẹ ti bèèrè físà. Ohun kan tún wà tí kì í sábà wá sí àwọn ènìyàn lọ́kàn: láti Kos, Rhodes tàbí Samos, ẹ ó máa wo ilẹ̀ Tọ́kì lọ́ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ sì ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ físà gbà. Ẹni tí ó bá fi irú rẹ̀ kọjá sí Tọ́kì fún oúnjẹ ọ̀sán ti jáde ní Schengen, kò sì sí bí yóò ṣe padà wá bá àpótí rẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá 2025 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú àlejò sínú kọ̀ǹpútà ní ẹnubodè, nítorí náà ẹ fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ láàárín bàálù kan àti òmíràn.

Ọ̀rọ̀ owó

Àwa Yorùbá kì í fẹ́ kí a sọ pé a kò rí wa níbi ìnáwó ẹni tiwa. Mo mọ ẹni tí ó fi owó ilé ọdún kan lọ sí ìgbéyàwó ní òkèèrè, tí ó sì fi oṣù mẹ́jọ sùn lórí àga ìjókòó àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe èyí kò tilẹ̀ mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí ó ṣe ìyàwó ní Paros ṣe ohun kan tí mo gbóríyìn fún: ó kọ sínú ìwé ìpè pé ẹni tí kò bá lè wá kò ṣẹ òun, àti pé òun yóò ṣe ìdúpẹ́ ní Èkó ní oṣù Kejìlá. Bí tiyín kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ fúnra yín pè é, ẹ sì tètè pè é. Ẹni tí ó bá kọ̀ ní oṣù Kejì ti bá wọn dín owó oúnjẹ kù. Ẹni tí ó bá dákẹ́ títí di oṣù Kẹfà ni ó dá gbèsè sílẹ̀.

Ẹni tí yóò bá lọ, kí ó mọ̀ pé owó kan wà tí hòtẹ́ẹ̀lì ń gbà fún ìjọba lórí yàrá kọ̀ọ̀kan ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó lè tó 15 yúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì onípò gíga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kì í sì í sábà sí nínú iye tí ẹ ti san. Àwa mẹ́rin ni a pawọ́ pọ̀ gba ilé kan tí ó ní ilé ìdáná. Ìyẹn ni ó dín owó wa kù ju ohunkóhun lọ.

Gèlè, bàtà àti ṣọ́ọ̀ṣì

Aṣọ òkè tí ó wúwo kò bá oòrùn tí ó lè kọjá 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius mu. Lẹ́ẹ̀sì fífúyẹ́, àdìrẹ tàbí aṣọ òwú ni kí aṣọ ẹbí jẹ́, kí a fi aṣọ òkè sílẹ̀ fún àwọn òbí. A ní láti bo èjìká nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àwọn obìnrin tí wọ́n wá láti Lọ́ńdọ̀nù sì ń sáré wá ìborùn kiri. Àwa tí a ní ìpèlé kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìṣòro kan wà. Gèlè tí a fi ọwọ́ wé, tí a sì fi abẹ́rẹ́ há, dúró nínú afẹ́fẹ́. Èyí tí a ti rán láti ilé, mo rí ọ̀kan tí ó fò lọ sórí omi.

Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ òpópónà àwọn abúlé náà, àtẹ̀gùn sì pọ̀. Gìgísẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ a máa há sí àárín òkúta. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbòòrò ni kí ẹ mú. Ní Santorini, àtẹ̀gùn tí ó wà láti èbúté àtijọ́ dé ìlú Fira lé ní 500. Kẹ́kẹ́ orí okùn wà níbẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́.

Ní ti ìsìn fúnra rẹ̀, ẹ má retí ẹ̀jẹ́ tí tọkọtaya ń sọ jáde. Nínú ìjọ Orthodox, wọn kì í sọ nǹkan kan. Àlùfáà yóò súre sí òrùka, lẹ́yìn náà yóò gbé adé méjì tí a fi rìbọ́ọ̀nù so pọ̀ lé wọn lórí, ẹni tí ó dúró tì wọ́n, tí wọ́n ń pè ní koumbaros, yóò sì pààrọ̀ àwọn adé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín orí méjèèjì. Mo rántí Giannis Antetokounmpo, agbábọ́ọ̀lù inú agbọ̀n tí wọ́n bí ní Áténì ní 1994. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ bàbá rẹ̀ kí lẹ́tà Gíríìkì tó yí i padà. Adé tòkun bọ̀ ní tòótọ́ lọ́jọ́ náà.

Ṣọ́ọ̀ṣì erékùṣù kéré. Ẹbí ni ó ń wọlé, ọ̀pọ̀ àlejò a sì dúró sí ìta. Ẹ má rò pé wọ́n fojú tín-ín-rín yín. Nígbà tí a bá ka Éfésù dé ibi tí a ti ní kí aya bẹ̀rù ọkọ rẹ̀, ìyàwó á tẹ ọkọ lẹ́sẹ̀, gbogbo ènìyàn á sì bú sẹ́rìn-ín. Màmá kan láti Abẹ́òkúta fọwọ́ kàn mí pé ṣé ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n bá ń yí tábìlì po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìrẹsì ni a ń dà lù wọ́n. Màmá yìí kan náà kò dà ju ẹyọ díẹ̀ lọ, wọ́n ní àwọn mọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò kan nílé.

Ẹ jẹ nǹkan ní aago márùn-ún kí ẹ tó jáde, nítorí pé oúnjẹ alẹ́ lè di aago mẹ́wàá, ijó sì ń di òwúrọ̀. Àpòòwé tí owó wà nínú rẹ̀ ni ẹ̀bùn tí ó wọ́pọ̀. Ẹ má ru àwo tàbí ìkòkò kọjá òkun. Ní ti níná owó fún ìyàwó, àwọn ará Gíríìsì náà ní ibi tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ há owó mọ́ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi gbogbo, ẹ kọ́kọ́ bi ìyá ọkọ. A bi tiwa. Wọ́n ní kí a máa ná an. Bí bàbá ọkọ ṣe rí wa ni òun náà yọ àpamọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ owó sí márùn-ún-márùn-ún yúrò ní Áténì, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń pọ owó kò pọ̀ ní erékùṣù kékeré.

Bí ẹ bá gbọ́ tí àgbàlagbà kan ń ṣe bí ẹni tutọ́ sí ìyàwó lára, ftou, ftou, ftou, ó ń lé ojú burúkú kúrò lára rẹ̀ ni. Ẹ kàn rẹ́rìn-ín.

Àwọn nǹkan kéékèèké

Omi ẹ̀rọ kò dára fún mímu ní ọ̀pọ̀ àwọn erékùṣù Cyclades. Omi inú ìgò ni kí ẹ rà. Ẹ má ju tíṣù sínú ihò ilé ìgbọ̀nsẹ̀, páìpù wọn tẹ́ẹ́rẹ́. Agbọ̀n kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún un. Pílọ́ọ̀gì onírin mẹ́ta wa kò wọ ihò iná wọn, nítorí náà ẹ mú àdápítọ̀ oníhò róbótó méjì. Wákàtí méjì ni wọ́n fi ṣáájú Nàìjíríà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má sì gbàgbé rẹ̀ bí ẹ bá ń ka aago ọkọ̀. Òfin Yúróòpù kò gba kí ènìyàn kó ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe wọlé láti ilẹ̀ wa, nítorí náà kí kìlíṣí àti pọ̀nmọ́ dúró sílé. Oògùn tí ó ní codeine nínú wà lábẹ́ ìṣọ́ líle. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín, ẹ mú ìwé rẹ̀ dání. Ẹni tí ó fẹ́ yá mọ́tò pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Nàìjíríà nílò ti káríayé kún un. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń yá àlejò, èmi kò ní gùn ún ní òpópónà òkè tí kò ní ààbò, ẹ̀yin náà ẹ rò ó dáadáa. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Àmì àgbélébùú aláwọ̀ ewé ni ẹ ó fi dá ilé oògùn mọ̀.

Ẹ má ṣa òkúta etí òkun sínú àpò láti fi ṣe ìrántí, òfin wọn kò gbà á. Ẹ mú koufeta tí wọ́n bá fún yín dípò rẹ̀, èso álímọ́ńdì tí a fi ṣúgà bò, tí iye rẹ̀ kì í pín sí méjì. Wọ́n ní ẹni tí kò tíì lọ́kọ tàbí láya tí ó bá fi í sábẹ́ ìrọ̀rí yóò rí ẹni tí yóò fẹ́ lójú àlá. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní alẹ́ méjì. Yànmùyánmú ni mo rí.

Ọkọ̀ ìpadà náà ń fẹ́ ìṣirò. Ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé ni gbogbo àlejò fẹ́ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ sì lè ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá ra ti àlọ, kí ẹ sì sun alẹ́ kan ní Áténì kí ẹ tó wọ bàálù sílé.